Iyanrìn Ìjọba

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé mo ti fi ahọ́n lá iyanrìn níbi tó lé ní ogún ní agbègbè Badagry, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ń ṣe nígbà tí mo ń lá a. Orí mi kò dàrú. Mo mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti ní orí òun kò dàrú, ńṣe ni àwọn tó ń gbọ́ ọ máa ń sún sẹ́yìn díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ara mi dáadáa, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé àlàyé mi máa ń gùn jù.

Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ nípa ilé kíkọ́. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba. Gbogbo nǹkan ti wọ́n. Ènìyàn á tò fún mílíìkì, á tò fún ọṣẹ, á tún tò fún sìmẹ́ńtì, nígbà tó bá sì fi máa kàn án, wọ́n á ní ó ti tán. Lójoojúmọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fetí sí rédíò láti mọ̀ bóyá wọ́n á dárúkọ wọn mọ́ àwọn tí wọ́n ti lé. Irú àsìkò yẹn ni wọ́n gba èmi, ọmọ Èkìtì, sí ọ́fíìsì tó ń fún àwọn ènìyàn ní ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ ní Badagry. Inú mi dùn débi pé inú náà bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Mo gbà lọ́kàn mi pé wọ́n ṣèèṣì gbà mí ni, pé lọ́jọ́ kan ẹnì kan á ṣí fáìlì, á ní, "Ta tún ni eléyìí?" n ó sì padà sínú oko kòkó bàbá mi.

Yàrá méjì ni ọ́fíìsì wa, tábìlì mẹ́ta, ọ̀gá kan àti òǹtẹ̀ kan. Ọ̀gá mi, bàbá ará Abẹ́òkúta kan tí kì í yára rárá, máa ń fi áńkáṣíìfù wé òǹtẹ̀ náà kó tó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ wa pín sí. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á mú plánì wá, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó lu òǹtẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tó da kọnkéré sórí dẹ́kìn, ìyẹn àjà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ lọ wò ó bóyá irin tó yẹ ni wọ́n tò, bóyá iyanrìn tó dára ni wọ́n máa lò. Ẹnì kan nínú wa yẹn, èmi ni.

Iyanrìn etí òkun kún ilẹ̀ ní Badagry, kò sì sí ẹni tó máa dá ọ lẹ́jọ́ tí o bá kó o. Ṣùgbọ́n ó kúnná jù, kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì dì. Ó tún ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin inú kọnkéré díẹ̀díẹ̀ títí irin á fi dà bí bísíkíìtì. Iyanrìn odò ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Ìwé tí mo kà ní kí a kó iyanrìn lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ilé àyẹ̀wò kò sí ní Badagry, mọ́tò ọ́fíìsì wa sì ti wà lórí bulọ́ọ̀kù mẹ́rin kí n tó dé, adìẹ kan ń yé sórí ìjókòó dírẹ́bà.

Mo bi ọ̀gá mi pé kí ni kí n wá máa fi dá iyọ̀ mọ̀.

Ó wò mí títí. "Ìwọ tí o lọ sí yunifásítì, kí ni àwọn ìyàwó ilé fi ń dá a mọ̀ nínú ọbẹ̀?"

Bí mo ṣe di ẹni tó ń lá iyanrìn nìyẹn. Wolé-wolé ni àwọn ènìyàn ń pè mí, bí ẹni pé ìkòkò omi àti ṣáláńgá ni mo wá wò. Ó dùn mí. Mo ṣàlàyé fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni tèmi, wọ́n á gbọ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ní, "Wolé-wolé, ṣé ó dùn lónìí?"

Nǹkan kan tún wà tí mi ò ronú sí nígbà náà. Nítorí pé a kò ní mọ́tò, ẹni tó ni ilé ló máa ń wá gbé mi. Ọjọ́ tó bá wù ú ló máa ń wá. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ilé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí wà ní Ajido, létí ọ̀sà gan-an. Màmá kan tó ń yan ẹja ló ni ín. Ẹ̀gùn ni, ó sì máa ń sọ Yorùbá bí ẹni pé ẹnì kan ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Fúnra rẹ̀ ló mú plánì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Ó jókòó sórí àga mi, èmi dúró. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni, pẹ̀lú báńkónì kan tó yọ sóde sójú omi bí ètè ẹni tó ń bínú.

"Màmá," mo ní, "báńkónì yìí kò ní òpó lábẹ́. Ṣé kí a fi òpó méjì sí i?"

"Òpó? Kí ewúrẹ́ gbogbo Ajido máa wá fara họ ọ́?"

"Ọkàn mi á balẹ̀ ni, mà."

"Tèmi ti balẹ̀." Ó fi ìka gbá àwòrán náà. "Yovo, gbọ́ mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ààrò. Mo fẹ́ nàró. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá lójú omi gbójú sókè kí wọ́n tó kí mi."

Òyìnbó ni yovo túmọ̀ sí lédè Ẹ̀gùn. Táì tí mo máa ń dè ló fà á. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Omi lé sí mi lójú, mo ní eruku ni. Mo ṣírò báńkónì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì rí i pé bí irin bá pé, tí kọnkéré bá dára, á dúró láìní òpó. Ọ̀gá mi tú áńkáṣíìfù, ó lu òǹtẹ̀.

Nígbà tí àkókò dẹ́kìn tó, màmá náà fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí mi. Mi ò mọ̀wẹ̀. Mo di etí ọkọ̀ méjèèjì mú láti Badagry títí dé Ajido, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ sì bi mí bóyá èmi ni mo gbé ọkọ̀ lọ́wọ́ ni àbí ọkọ̀ ló gbé mi.

Bírìkìlà tó ń kọ́ ilé náà ń dúró dè mí. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, Àjàṣẹ́ lódìkejì ibodè ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì mú Faransé bíi mélòó kan bọ̀ láti ibẹ̀. "Bọnjúù, ṣẹ́ẹ̀fù! Ẹ ò ní tọ́ ọ wò?" Òkìtì iyanrìn kan wà níwájú ilé, wọ́n ti gbálẹ̀ yí i ká, ó jókòó bí ìyàwó tuntun. Bírìkìlà náà tún gbé ife omi sórí àwo fún mi láti fi ṣan ẹnu. Mo bu iyanrìn náà, mo lá a. Kò níyọ̀ rárá. Mo ka irin, ó pé. Mo fi orúnkún ṣe tábìlì, mo fọwọ́ sí ìwé.

Ibẹ̀ ni ìdérí bírò mi ti sọnù. Bàbá mi ló ra bírò náà fún mi lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí, mo sì máa ń jẹ ìdérí rẹ̀ bí ọkàn mi kò bá balẹ̀, nítorí náà mo ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ojú eyín mi ti wà lára rẹ̀ yípo. Ó já bọ́ lẹ́nu mi sínú òkìtì iyanrìn náà. A wá a títí, a kò rí i. Màmá náà fi ẹja yíyan mẹ́ta tù mí nínú. Mo ti jẹ ẹ́ tán kí ọkọ̀ tó dé Badagry. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé mo ń fi nǹkan pamọ́.

Oṣù mélòó kan kọjá, ilé náà parí. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé kan, màmá náà wá sí ọ́fíìsì wá pè wá sí ìṣílé. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni. Ó ní ẹgbẹ́ akọrin ìjọ àwọn, gbogbo wọn méjìdínlógún, orí báńkónì ni wọ́n máa dúró sí kọrin, nínú aṣọ funfun, kí àwọn tó wà ní òdìkejì ọ̀sà lè rí wọn. Orí mi wú. Mo rò ó pé àwọn ènìyàn máa dúró kọrin lórí ohun tí mo fọwọ́ sí. Kò sí nǹkan tó tíì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, bírìkìlà kan náà wá fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ síbi ṣọ́ọ̀bù kan tó ń kọ́ lẹ́yìn ọjà Agbalata. Iyanrìn wà níwájú ilé, wọ́n ti gbálẹ̀ yí i ká. Omi wà lórí àwo. Lọ́jọ́ yẹn, ó wù mí láti ṣe bí akọ òṣìṣẹ́. Kàkà kí n bu iyanrìn lókè, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ọwọ́ mi kan nǹkan kan. Mo fà á jáde.

Ìdérí bírò ni. Mo yí i wò. Mo gbé e sẹ́nu, mo fi eyín mi sínú àwọn ojú eyín náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ mú mi, nítorí bàbá mi. Lẹ́yìn náà ni mo wo òkìtì iyanrìn náà, mo tún wo ìdérí bírò náà.

Bírìkìlà náà pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i! Ṣẹ́ẹ̀fù, a ti wá nǹkan yìí títí fún yín!"

"Ajido ni mo ti sọ ọ́ nù."

"Ajido ni."

"Báwo ló ṣe dé ibí?"

"Ó bá iyanrìn wá ni." Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá mo ń ṣàwàdà. "Ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ṣẹ́ẹ̀fù kò mọ̀? Iyanrìn ìjọba mà nìyí!"

Mo ní kí ni iyanrìn ìjọba. Ó jókòó sórí bulọ́ọ̀kù, ó là mí lọ́yẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí olùkọ́. Iyanrìn odò gidi ni, àpò mẹ́rìnlá, gbogbo àwọn bírìkìlà Badagry ló jọ ni ín. Ibi tí wolé-wolé bá fẹ́ lọ ni wọ́n máa ń kó o lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Tó bá ti lọ tán, wọ́n á dì í padà sínú àpò.

"Iyanrìn yìí ṣáájú yín dé ẹnu iṣẹ́, ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹni tó wà nípò yín kí ẹ tó dé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó tiẹ̀ máa ń kí i. Á ní, 'Ọ̀gá, ibí lẹ tún wà lónìí?' Àwa rò pé ẹ̀yin náà mọ̀, pé ẹ kàn fẹ́ràn adùn rẹ̀ ni."

"Kí wá ni ẹ fi da dẹ́kìn màmá Ajido?"

"Èyí tó wà nílẹ̀."

"Èwo ló wà nílẹ̀?"

Ó fi ṣọ́bìrì rẹ̀ tọ́ka sí apá ibi tí òkun wà.

"Sìmẹ́ńtì ńkọ́?"

"Sìmẹ́ńtì?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ní ìlú yìí? A fi sí i. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru?"

Mi ò fọwọ́ sí ti ṣọ́ọ̀bù náà. Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí ọ́fíìsì, méjìdínlógún ń dún lórí mi bí aago. Àwọn akọrin méjìdínlógún. Mo ti rí wọn rí ní ìgboro. Wọn kì í ṣe akọrin tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀gá mi ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí mo wọlé. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan bí eyín mi ṣe bá ìdérí náà mu rẹ́gí.

"Ta ló fọwọ́ sí i?" ó bi mí.

"Èmi ni, sà."

"Ta ló lu òǹtẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó dá ẹ̀pà jíjẹ dúró. "Nígbà náà, ilé yẹn dára."

"Sà, ó máa wó lé wọn lórí."

"Kí o kọ ọ́ sínú ìwé pé ìjọba yí ohùn padà? Ìjọba wo? Ti àwọn sójà yìí?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n á bi wá kí ló dé tí a fi sọ pé iyanrìn dára. A ó ní a lá a ni. Wọ́n á ní kí la lá. Ìwọ àti èmi á jọ gbọ́ orúkọ wa lórí rédíò."

Mo dúró bẹ́ẹ̀, ìdérí bírò mi lẹ́nu. Ó tún bó ẹ̀pà kan, ó wo àjà ilé.

"Àmọ́ Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́," ó ní. "Ohun tí ọmọ Èkìtì kan bá lọ ṣe ní Ajido lọ́jọ́ Sátidé, ṣé èmi ni mo bí i ni?"

Mi ò tiẹ̀ lè dúró de Sátidé. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ajido. Mi ò rántí láti di etí ọkọ̀ mú, ẹ̀rù tó bà mí fún àwọn akọrin kò jẹ́ kí àyè wà fún ẹ̀rù omi.

Màmá náà wà níwájú ilé, òun àti aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin, obìnrin àgbà kan tí ohùn rẹ̀ lè dá ọkọ̀ dúró lójú omi. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo kọjá lọ sí abẹ́ báńkónì, mo mú kọ́kọ́rọ́ yàrá mi, mo fi ha ìdí rẹ̀. Ó dà sí mi lórí bí gààrí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun ibí yìí lọ́jọ́ Àìkú."

Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣeré. Nígbà tó rí ojú mi, ó fà mí wọ pálọ̀. Ìwé àṣẹ ilé náà wà lára ògiri, nínú férémù onígíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti kú.

"Ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn fún mi."

Mo kà á. Tèmi ni.

"Ṣé o ti mutí lọ́jọ́ tí o kọ ọ́?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o mutí lónìí?"

"Rárá, mà."

"Ta ni kí n wá gbà gbọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo ṣàlàyé iyanrìn ìjọba fún un. Kò gbà. Ó ní bírìkìlà òun ti sọ fún òun pé wolé-wolé Èkìtì máa ń ṣàníyàn jù, pé iyanrìn pọ̀ lọ́pọlọ rẹ̀. Ó ní òun ti dúró lórí báńkónì náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò mi.

"Ẹ̀yin nìkan ni, mà," mo ní. "Ẹ ò wúwo."

Mo rí i pé mo ti ṣàṣìṣe kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde tán.

"N ò wúwo? Èmi? Ó wá sínú ilé mi, ó ní n ò wúwo!"

Mo yára láti tún un ṣe. "Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ẹgbẹ́ akọrin ló wúwo. Mo ti ṣírò rẹ̀. Àgbá omi kan dọ́gba pẹ̀lú mẹ́ta nínú wọn."

Aṣáájú akọrin dìde dúró. Ó gba àkókò díẹ̀. "Àgbá omi? Ta ni àgbá omi?"

"Mẹ́ta ló jẹ́ àgbá kan, mà. Ẹ̀yin nìkan kò tó àgbá."

"N ò tó àgbá!"

Ẹ rò ó wò. Láàárín ìṣẹ́jú kan, mo ti bú àgbàlagbà kan pé kò wúwo, mo bú èkejì pé ó wúwo, mo tún bú u pé kò wúwo tó. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n ìbínú aṣáájú akọrin ló gbà wá. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, kí wọ́n gbé àgbá mẹ́fà sórí báńkónì náà, kí wọ́n pọn omi kún un lójú gbogbo Ajido. Bí báńkónì bá gba àgbá mẹ́fà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun á kọrin níbẹ̀, èmi á sì lúwẹ̀ẹ́ padà sí Badagry.

"Mo gbà," mo ní. Ohùn mi dún bí ti ẹlòmíràn.

Ní àárọ̀ Sátidé, gbogbo Ajido ti pé. Mo fi àwọ̀n apẹja yí abẹ́ báńkónì ká kí ẹnikẹ́ni má baà wọ ibẹ̀. Wọ́n ti gbé àgbá mẹ́fà jókòó sórí báńkónì nígbà tí wọ́n ṣì ṣófo. Mo ní kí ẹnì kankan má tún tẹ ibẹ̀; inú yàrá òkè, tó jókòó lórí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni a ó ti máa da omi, láti ojú fèrèsé, pẹ̀lú ọparun tí a là sí méjì kí omi lè gba inú rẹ̀ ṣàn. Àwọn obìnrin tò láti etí ọ̀sà, wọ́n ń na garawa síra wọn. Àwọn akọrin ti pín àgbá náà láàárín ara wọn. "Tiwa ló wà lẹ́yìn yẹn!" "Ẹ má kún tiwa jù o, a ò tíì jẹun!"

Bírìkìlà náà wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí tọwọ́tẹsẹ̀.

Màmá tó ni ilé yíjú sí i. "Ìwọ lo kọ́ ọ. Gòkè lọ da omi."

"Èmi?"

"Ìwọ náà. Fèrèsé nìkan ni o máa dúró sí."

Bírìkìlà náà wo fèrèsé. Ó wo báńkónì. Ó tẹ̀ba díẹ̀, ó di orúnkún mú. "Orúnkún ọ̀tún yìí, Màmá. Láti ọjọ́ mẹ́ta wá ni ó ti ń dùn mí. Àtẹ̀gùn ni kò fẹ́."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àyàfi màmá náà. Ó wo orúnkún ọkùnrin náà pẹ́ títí. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, ó sì dùn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún láti àná nìyẹn. Mo mọ̀ pé owó ọgbọ̀n ọdún níwájú ààrò ló ń wò nínú orúnkún yẹn.

Kò bú u. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, òun fúnra rẹ̀ ló gun àtẹ̀gùn, ó dúró sójú fèrèsé. Mo sá tẹ̀ lé e. Mi ò ronú. Bí mo bá ti ronú ni, ìsàlẹ̀ ni n bá wà.

Àgbá kìíní kún. Wọ́n hó. Ìkejì kún. Aṣáájú akọrin ké láti ìsàlẹ̀ pé kí wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà. Ìkẹta kún, a sì gbọ́ ìró kékeré kan tó dún pé tá, bí ìgbà tí ènìyàn bá já ẹ̀fọ́. Màmá náà wò mí. Mo wò ó. Ó tún gba garawa kan, ó dà á sínú ọparun, bí ẹni tó fẹ́ mọ òtítọ́ dé òpin. Àgbá kẹrin kò tíì dé ìdajì nígbà tí ilà kan sáré gba ìdí báńkónì kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo di apá màmá náà mú, mo fà á sẹ́yìn. Báńkónì náà dorí kodò, ó wálẹ̀, òun àti àgbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, omi sì fọ́n sókè débi pé ó ta sí wa lójú nínú yàrá.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, kò sí ẹni tó farapa. Àwọ̀n dá wọn dúró. Ohun kan ṣoṣo tó bà jẹ́ ni bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti tò fún àwọn àlejò. A sọ̀ kalẹ̀ sínú pálọ̀. Ìwé àṣẹ ilé náà ṣì wà lára ògiri, nínú férémù rẹ̀, kò tilẹ̀ wọ́. Màmá náà yọ ọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Mú u lọ. Òun nìkan ni kò gbọ́ ariwo."

Nígbà tí a jáde, bírìkìlà náà ti lọ. Orúnkún rẹ̀ ti sàn.

Àwọn akọrin náà dúró síbẹ̀ wọ́n ń ka àgbá. Aṣáájú wọn wá bá mi. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó ní, "Àgbá mẹ́ta àti díẹ̀. Ìyẹn ni pé orin kìíní là bá wà tí ì bá fi wó." Lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ kan táì mi, ó tún un ṣe fún mi. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì sọ pé eruku ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku wà níbẹ̀ dáadáa.

Wọ́n kọrin náà lọ́jọ́ Àìkú. Orí àwókù báńkónì ni wọ́n gùn, gbogbo wọn méjìdínlógún nínú aṣọ funfun, àwọn ará òdìkejì ọ̀sà sì rí wọn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìwé ìbéèrè ti ń dúró dè mí lórí tábìlì, láti ọwọ́ ọ̀gá mi tó jókòó ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí mi: kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi gbé omi sórí ilé tí ìjọba ti fọwọ́ sí, láìgba àṣẹ. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta, mo sì ṣàlàyé bó ṣe rí lọ́kàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi ka ìlà méjì, ó ká ìyókù, ó fi sábẹ́ ife tíì rẹ̀. Ó mú fáìlì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ pé: "Báńkónì náà kò sí mọ́. Kò sí ohun tó kù láti bẹ̀ wò." Ó tú áńkáṣíìfù, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó fún mi ní àkọsílẹ̀ gbogbo ilé tí mo ti fọwọ́ sí látìgbà tí mo ti dé, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ mi, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ha wọ́n, kí n má sì sọ ọjọ́ tí mò ń bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni màmá Ajido ránṣẹ́ sí mi nígbà tó fẹ́ tún báńkónì rẹ̀ ṣe: òun ń kọ́ ọ padà, tòun tòpó méjì, ewúrẹ́ lè máa fara họ ọ́, kí n wá wò ó, ṣùgbọ́n kí n má sọ ọjọ́ náà fún òun. Mo lọ láìsọ. Mo bá bírìkìlà ọ̀hún níbẹ̀, ó ń po kọnkéré, kò bá mi sọ Faransé kankan. Màmá náà jókòó lórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹja lórí ààrò. Àpò tó ṣófo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tò wọ́n jọ. Mo kà wọ́n: mẹ́rìnlá ni.

"Màmá," mo ní, "ṣé kì í ṣe—"

"Òun ni. Mo ní kó gbé e wá kí ìjọba lè wò ó. Nígbà tó gbé e dé, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ó ti wà nínú ìpìlẹ̀ òpó méjèèjì. Ó ti rìn tó." Ó ki ọwọ́ sínú èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, láti ìsàlẹ̀, ó fi sórí ahọ́n, ó di ojú, ó tutọ́. Lẹ́yìn náà ló na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. "Kò níyọ̀. Ìwọ náà tọ́ ọ wò, kó o dágbére fún un."